Nokdu Flower: ta gan-an làwọn àgbẹ̀ Kòríà ń bá jà ní 1894?

Ibì kan wà nínú Nokdu Flower, síríìsì Kòríà tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n SBS gbé jáde ní 2019, tó máa ń da àwọn tó ń wò ó láàmú. Wọ́n ti sọ fún yín pé ìtàn àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí Jàpáànù ni, ẹ ra dátà, ẹ jókòó tì í, ẹ wo epísódù kan, ẹ wo méjì, ẹ wo ìkẹta, ẹ ò tíì rí sójà Jàpáànù kan kó yìnbọn lu àgbẹ̀ kankan. Ọmọ Kòríà ló ń na ọmọ Kòríà, ọmọ Kòríà ló ń kó ìrẹsì ọmọ Kòríà lọ. Ìgbà tí Jàpáànù máa fi wọ̀ ọ́ dáadáa, àwọn tó ń pa ara wọn tẹ́lẹ̀ ti jókòó ṣàdéhùn, ẹni tó ń wò ó á wá máa bi ara rẹ̀ pé ṣé òun fo epísódù kan ni.

Ẹ ò fo nǹkan kan. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìdìde méjì ló wà nínú ọdún 1894 yẹn, ìdìde àwọn àgbẹ̀ Donghak ni wọ́n ń pè é, ẹni tí wọ́n kojú nínú àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n kojú nínú ìkejì, bẹ́ẹ̀ ìjà méjèèjì ò ju oṣù mélòó kan síra wọn lọ. Gbogbo awuyewuye tó ṣì ń lọ ní Kòríà lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ń jà lórí orúkọ, ẹni tó ń jà lórí ọjọ́ ìrántí, ẹni tó ní kí ìjọba fún bàbáńlá òun ní àmì ẹ̀yẹ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá.

Kí ni síríìsì náà dá lé?

Ọbàkan méjì ni. Ìlú Gobu ni wọ́n wà, ní ẹkùn Jeolla níhà gúúsù, ibi tí ìrẹsì ti ń ṣe dáadáa. Bàbá wọn jẹ́ akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, irú akọ̀wé tí ò nípò ńlá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé òun ló mọ gbogbo ibi tí owó ń gbà, ó sì ti fi ìyẹn di olówó. Baek Yi-kang ni ẹ̀gbọ́n, Jo Jung-suk ló ṣe é, ẹrúbìnrin inú ilé ni ìyá rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń forúkọ pè é, "Geosigi" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ àwọn ará Jeolla ni, kò ju "kinní yẹn" lọ, àfi bíi kí wọ́n máa pe ọmọ èèyàn ní Kinní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá bàbá rẹ̀ lu àwọn tó jẹ gbèsè. Baek Yi-hyun, tí Yoon Shi-yoon ṣe, ni àbúrò, ọmọ ìyàwó ilé, ọmọ jẹ́jẹ́, ó ti lọ kàwé ní Jàpáànù. Nígbà tí ìjà bẹ́, ẹni tó ń na àwọn àgbẹ̀ ló wá di jagunjagun àgbẹ̀, ẹni tó kàwé ló di ti Jàpáànù. Alájàpá obìnrin kan tún wà láàárín wọn, Song Ja-in, Han Ye-ri ló ṣe é, òwò ló kọ́kọ́ gbájú mọ́, kò fẹ́ mọ ẹni tó jàre.

Èmi ò ní sọ ibi tó parí sí, torí àwọn tí ò tíì wò ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn sí àbúrò yẹn o, a ṣì máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn wo ló gbé ayé lóòótọ́?

Àwọn ọbàkan méjì yẹn àti Song Ja-in, wọ́n kàn ṣẹ̀dá wọn ni. Jeon Bong-jun gbé ayé. Wọ́n bí i ní 1855, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé lábúlé, kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe ẹni gíga, kódà torí pé ó kéré ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Nokdu. Nokdu ni ẹ̀wà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé kan báyìí. Òun ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun Nokdu, òdòdó ẹ̀wà yẹn ló sì di orúkọ síríìsì.

Orin kan wà tí àwọn ọmọdé ń kọ ní Kòríà nípa rẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an, ẹyẹ aláwọ̀ búlúù kan ni wọ́n ń bẹ̀ nínú orin yẹn pé kó má bà sórí oko nokdu, torí bí òdòdó yẹn bá já, ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀wà yẹn sè máa sunkún lọ sílé. Ohun tí wọ́n ń fi sè yẹn máa ń dì bí ẹ̀kọ tútù, funfun báláú. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń túmọ̀ orin yẹn ni pé Jeon Bong-jun ni òdòdó, mẹ̀kúnnù ni ẹni tó ń tajà, ẹyẹ aláwọ̀ búlúù ni sójà Jàpáànù.

Jo Byeong-gap náà gbé ayé, òun la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí.

Kí ló tiẹ̀ bí wọn nínú tó bẹ́ẹ̀?

Omi ni. Jo Byeong-gap ni ọba fi ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Gobu. Ibi tí wọ́n ń gba omi sí fún oko ìrẹsì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ó ní àfi kí wọ́n mọ òmíràn, Manseokbo, ó kó àwọn ará ìlú lọ síbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, wọ́n mọ ọ́n tán, ìgbà ìkórè dé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó omi lọ́wọ́ àwọn tó mọ ọ́n. Ó ju 700 seok ìrẹsì lọ tó rí kó jọ níbẹ̀, seok ni òṣùwọ̀n wọn nígbà yẹn. Ó tún gba 1,000 nyang, owó wọn nígbà yẹn, lọ́wọ́ wọn pé òun fẹ́ kọ́ ilé ìrántí fún bàbá òun tó ti jẹ ajẹ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀ rí. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín, bí kò tiẹ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ni pé ó máa ń pe ẹni tó bá rí já jẹ, á ní ìwọ ò bọ̀wọ̀ fún òbí ẹ, ìwọ ń yan àlè, ìwọ ń ta tẹ́tẹ́, ó yá san owó ìtanràn. Ohun tí Jeon Bong-jun sọ fún àwọn tó ń wádìí rẹ̀ lẹ́nu wò ní 1895 ni pé owó yẹn nìkan lé ní 20,000 nyang.

Àwọn àgbẹ̀ kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n lù wọ́n ni. Ìtàn sọ pé bàbá Jeon Bong-jun wà lára àwọn tí wọ́n lù, ó sì kú sí i.

Ní ìparí 1893 wọ́n wá kọ ìwé kan, ogún èèyàn ló fọwọ́ sí i, ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá: orúkọ wọn ò tò láti òkè wá sísàlẹ̀, yíyípo ni wọ́n kọ ọ́, bí ìgbà téèyàn da abọ́ dé sórí tákàdá tó wá ń kọ orúkọ yí ẹnu rẹ̀ ká. Bí ìwé yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, kò sẹ́ni tó máa mọ ta lolórí. Láti 1968 tí wọ́n ti rí ẹ̀dà rẹ̀ kan, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ti ń gbé e jáde.

February 15, 1894, wọ́n ya wọ ilé ajẹ́lẹ̀. Jo Byeong-gap ti sá. Wọ́n wó ibi omi yẹn.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Àgbẹ̀kọ̀yà ní Ìbàdàn á ti máa mi orí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò ní ti òyìnbó kankan nínú, ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ èyí.

Donghak wá ńkọ́, ṣé ẹ̀sìn ni àbí ẹgbẹ́ ogun?

Ẹ̀sìn ni. Choe Je-u ló dá a sílẹ̀ ní 1860, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀kọ́ Ìlà-oòrùn, wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹ̀sìn Kátólíìkì tó ń wọlé nígbà yẹn ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-oòrùn. Kókó inú rẹ̀ ni pé Ọ̀run ń bẹ nínú gbogbo èèyàn. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń bẹ nínú gbogbo èèyàn, a jẹ́ pé ó ń bẹ nínú ẹrú náà, ó ń bẹ nínú opó, ó ń bẹ nínú alápatà tí wọn kì í bá jókòó. Nílùú tó jẹ́ pé ìdílé téèyàn ti wá ni wọ́n fi ń mọ aṣọ tó máa wọ̀ àti ẹni tó máa dọ̀bálẹ̀ fún, ìwàásù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n pa Choe Je-u ní 1864. Ẹ̀sìn ò kú, abẹ́lẹ̀ ló gbà.

Ohun tí Donghak fún àwọn àgbẹ̀ ni pé wọ́n ti ní ètò. Ìjọ ti wà káàkiri, olórí ti wà fún ìjọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ ní Gobu wọ́n á gbọ́ ọ ní Mujang. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ ló jẹ́ ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ kàn jẹ́ àgbẹ̀ tí ara ń ta. Olórí ẹ̀sìn gan-an nígbà yẹn, Choe Si-hyeong, kò tiẹ̀ kọ́kọ́ fara mọ́ ogun jíjà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ náà ní ti àgbẹ̀ Donghak, wọn ò pè é ní ti Donghak lásán.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀ kan ṣe wá di ogun?

Ìjọba rán ẹnì kan wá pé kó wádìí, Yi Yong-tae. Dípò kó wádìí, àwọn tó dìde gan-an ló ń kó, ó ń jó ilé wọn. Ibi tí ìjọba ti ba nǹkan jẹ́ pátápátá nìyẹn. Jeon Bong-jun, Son Hwa-jung àti Kim Gae-nam kó èèyàn jọ, wọ́n kéde ní Mujang, wọ́n lọ pàdé lórí òkè kékeré kan tó ń jẹ́ Baeksan. Wọ́n máa ń sọ ọ́ ní Kòríà pé tí wọ́n bá dìde, òkè funfun, tí wọ́n bá jókòó, òkè ọparun. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, nítorí náà tí wọ́n bá nàró gbogbo òkè á funfun, tí wọ́n bá jókòó, orí ọ̀kọ̀ ọparun tí wọ́n gbé dání nìkan lẹ máa rí.

May 11 wọ́n na àwọn sójà ẹkùn ní Hwangtohyeon. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Jangseong, wọ́n dá ọgbọ́n kan tó wà nínú síríìsì náà tó sì wà nínú ìtàn: wọ́n fi ọparun hun ohun kan tó rí bí àgò adìẹ, ó tóbi, ó rí roboto, wọ́n ń yí i lọ níwájú wọn, ọta ìbọn ń wọ inú rẹ̀. May 31 wọ́n gba Jeonju. Tí ẹ bá ń béèrè ìdí tí ìyẹn fi bá ààfin lẹ́rù, Jeonju ni orírun ìdílé ọba Kòríà, ibẹ̀ ni àwòrán ọba tó tẹ ìdílé náà dó wà. Gojong tó wà lórí oyè ránṣẹ́ sí Ṣáínà pé kí wọ́n fún òun ní sójà.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ò tíì dárí rẹ̀ jì í nìyẹn.

Jàpáànù ńkọ́, ta ló pè wọ́n?

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Àdéhùn kan wà láàárín Ṣáínà àti Jàpáànù láti 1885, wọ́n ṣe é ní Tianjin, ohun tó sọ ni pé bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kó sójà lọ sí Kòríà kó kọ̀wé sọ fún èkejì. Kí ó sọ fún un ni o, kò ní kí èkejì náà máa bọ̀. Ṣùgbọ́n Jàpáànù ti ń wá àyè, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá dáàbò bo àwọn èèyàn àwọn tó wà níbẹ̀, nínú oṣù June sójà Ṣáínà ń sọ̀ kalẹ̀ ní Asan, sójà Jàpáànù ń sọ̀ kalẹ̀ ní Incheon.

Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ gbọ́ pé ilẹ̀ méjì ti kó sójà wọlé, àwọn àti ìjọba ṣàdéhùn kíá ní Jeonju, àwọn àgbẹ̀ jáde nílùú kí àlejò lè lọ. Ìjọba náà sọ fún Ṣáínà àti Jàpáànù pé ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ máa lọ. Jàpáànù ò lọ. Ìdájí July 23 wọ́n wọ ààfin Gyeongbokgung, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n há ọba mọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ ojú omi Ṣáínà, ogun Ṣáínà àti Jàpáànù bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ìgbà tí èyí ń lọ, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ ní Jeolla tí síríìsì náà fara balẹ̀ fi hàn. Àwọn àgbẹ̀ gbé ọ́fíìsì kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń pè é ní jipgangso, ní ọ̀pọ̀ lára àwọn ìlú 53 tó wà ní ẹkùn yẹn. Wọ́n ń dá ẹjọ́, wọ́n ń yẹ ìwé owó orí wò, àwọn ọlọ́lá tó ti ń fìyà jẹni ń gba ìyà tiwọn, nígbà míì ó kọjá ààlà. Ẹ máa rí àtòkọ àtúnṣe 12 táwọn èèyàn ń pín kiri pé òun ni wọ́n béèrè fún, pé kí wọ́n jó ìwé ẹrú, kí opó lè tún ọkọ fẹ́. Inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1940 ni àtòkọ yẹn ti wá, àwọn òpìtàn kan gbà á, àwọn kan ní ó ti pẹ́ jù kó tó di kíkọ sílẹ̀, pé kí wọ́n fi ìṣọ́ra mú un.

Ṣé Kòríà ti wà lábẹ́ Jàpáànù nígbà yẹn?

Rárá, ibí yìí ló ń dojú rú jù. 1910 ni Jàpáànù gba Kòríà pátápátá. 1905 ni wọ́n fipá mú wọn tọwọ́ bọ̀wé pé Jàpáànù ni yóò máa bá wọn bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀. Ní 1894, Kòríà ṣì ní ọba, ó ní ìjọba, ó ní sójà, ṣùgbọ́n ìbọn Jàpáànù ló wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ṣé ìyẹn jẹ́ ìgbàkóso àbí kò jẹ́ ẹ? Ẹ má rò pé ìbéèrè àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni, ọ̀rọ̀ owó àti àmì ẹ̀yẹ lónìí wà lórí rẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Nǹkan kan tún wà tó mú un le. Ìjọba tí Jàpáànù ti lẹ́yìn yẹn ló fòpin sí òwò ẹrú, òun ló pa ìyàtọ̀ ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù rẹ́ nínú òfin, ọdún kan náà, 1894. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń kígbe fún ni ìjọba tí àwọn àgbẹ̀ máa tó bá jà fi ṣòfin. Ẹ rántí àbúrò tó kàwé yẹn? Ohun tó ń tì í nìyẹn. Lójú tirẹ̀ ọ̀làjú ti dé, ẹni yòówù kó gbé e wá, kí ló kàn án. Èsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pé ọ̀làjú tó bá gba ẹnu ìbọn wọlé, ẹni tó nìbọn ló ni ín. Àwọn tó kọ síríìsì náà ò dá àbúrò lẹ́bi láti epísódù àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ ká rí bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀, òun ló jẹ́ kó ṣòroó wò fáwọn ará Kòríà míì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà kejì?

Nígbà tí wọ́n kórè tán, Jeon Bong-jun tún kó èèyàn jọ ní Samrye, lọ́tẹ̀ yìí Seoul ló ń lọ, Jàpáànù ló ń lọ lé. Son Byong-hi, olórí Donghak kan, kó àwọn ará àríwá wá pàdé rẹ̀ ní Nonsan. Ìlú Gongju ló dí wọn lọ́nà, pàápàá ọ̀nà tóóró kan láàárín òkè tó ń jẹ́ Ugeumchi. Àwọn àgbẹ̀ lé ní 10,000. Sójà Jàpáànù ibẹ̀ ò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, àwọn sójà ọba Kòríà ló pọ̀ lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ ni o, sójà ọba wà lọ́dọ̀ Jàpáànù. Ṣùgbọ́n ìbọn ìgbàlódé ló wà lọ́wọ́ àwọn yẹn, òkè ni wọ́n sì wà. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, bí ṣakabùlà ni, iná ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́, òjò tàbí yìnyín bá bọ́ sórí rẹ̀, ó parí. Ọ̀kọ̀ ọparun ni ti àwọn yòókù.

Ìbẹ̀rẹ̀ December ni. Ohun tí Jeon Bong-jun fẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà ìwádìí ni pé lẹ́yìn tí wọ́n jà, òun ka èèyàn tó lé ní 10,000 yẹn, àwọn tó kù ò ju 3,000 lọ, wọ́n tún jà, òun tún kà, ó ku bíi 500.

Wọ́n mú un ní abúlé kan ní Sunchang ní ìparí December yẹn, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí ló tú u fó. Wọ́n ti dá a lẹ́sẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ kan wà tó gbajúmọ̀, wọ́n gbé e jókòó lórí nǹkan onígi, kò lè rìn, ó yíjú, ó ń wo ẹni tó ń ya fọ́tò tààràtà, ojú yẹn ni gbogbo òṣèré tó bá fẹ́ ṣe Jeon Bong-jun gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí. Wọ́n bi í pé kí ló dé tó tún dìde. Ó ní torí Jàpáànù kó sójà wọ ààfin lóru, wọ́n sì já ọba láyà. Aṣojú Jàpáànù jókòó síbi ìwádìí yẹn. April 1895 wọ́n yẹgi fún un.

Jo Byeong-gap ńkọ́? Wọ́n lé e kúrò nílùú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dárí jì í, ó padà di adájọ́, ní 1898 ó wà lára àwọn tó dá ẹjọ́ ikú fún Choe Si-hyeong, olórí Donghak. Kò sẹ́ni tó máa fi ìyẹn sínú síríìsì kí àwọn tó ń wò ó má sọ pé wọ́n ń parọ́.

Kí ló ṣì kù tí wọ́n ń jà lé lórí?

Orúkọ lákọ̀ọ́kọ́. Ìjọba ọba pè é ní ọ̀tẹ̀, Jàpáànù pè é ní ọ̀tẹ̀, ó pẹ́ gan-an tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ àwọn tó jà fi orúkọ ìdílé wọn pa mọ́. Ní 1963 Park Chung-hee, ẹni tó ń ṣolórí Kòríà nígbà yẹn, kọ́ òpó ìrántí sí Hwangtohyeon, ó sì lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìyípadà tegbòtigaga, àwọn kan ní òun tó fi ìbọn gbàjọba ló ń wá bàbá ìsàlẹ̀ nínú ìtàn. Ọdún 2004 ni òfin àkànṣe kan jáde tó fi orúkọ yẹn múlẹ̀, Ìyípadà Tegbòtigaga Àwọn Àgbẹ̀ Donghak. Òfin yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé ìdìde méjì ló wà, àkọ́kọ́ ní March láti tún ìlú ṣe, ìkejì ní September láti gbèjà ilẹ̀ lọ́wọ́ Jàpáànù. Ẹ má jẹ́ kí oṣù yẹn ṣì yín lọ́nà, kàlẹ́ńdà òṣùpá ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ọjọ́ méjì fún nǹkan kan ṣoṣo.

Ìkejì, ọjọ́ ìrántí. Ìlú mẹ́rin ló fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Gochang ní ọjọ́ ìkéde Mujang ló yẹ, Buan ní ti òkè Baeksan, Jeonju ní ọjọ́ àdéhùn, Jeongeup ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ́gun ní Hwangtohyeon. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á kí ìjọba tó mú ti Jeongeup, May 11. Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2019, síríìsì náà ti bẹ̀rẹ̀ ní April 26, ẹ ò rí i pé kò kàn ṣèèṣì bọ́ sí i. Jeongeup yìí kan náà ní ère Jeon Bong-jun kan láti 1987, wọ́n wá rí i pé ẹni tó ṣe ère yẹn ti bá Jàpáànù ṣe nígbà ìjọba amúnisìn, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀ ní 2022.

Ìkẹta ló le jù. Òfin tó ń fún àwọn tó jà fún òmìnira ní àmì ẹ̀yẹ sọ pé ẹni tó bá jà láti àkókò tí wọ́n ń gba ilẹ̀ náà títí di 1945. Ìgbà wo ni "àkókò tí wọ́n ń gba ilẹ̀" bẹ̀rẹ̀? Bí ìjọba ti ń ṣe é ni pé 1895 ni wọ́n ti ń kà, látọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ohun ìjà lẹ́yìn tí àwọn Jàpáànù pa olorì nínú ààfin. Àwọn tó wà lẹ́yìn Donghak ní kí lẹ ń sọ, July 1894 ni wọ́n wọ ààfin, ọ̀tá kan náà ni, ọdún kan péré ló fi ṣáájú, ẹ tún ti fi òfin 2004 gbà pé ilẹ̀ ni wọ́n gbèjà. Àwọn tó takò wọ́n ní gbogbo ìlú ò tíì fẹnu kò, pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ yẹn ń wá ni kí ọba padà sí ipò rẹ̀, pé ìyẹn àti òmìnira kì í ṣe nǹkan kan náà, àti pé tẹ́ ẹ bá fa ọjọ́ yẹn sẹ́yìn, níbo lẹ máa dúró sí. Àwọn èèyàn tí ìjọba ti fọwọ́ sí pé wọ́n kópa lé ní 3,000, ìyẹn ò sọ wọ́n di ajìjàgbara lábẹ́ òfin, Jeon Bong-jun gan-an kò gba àmì ẹ̀yẹ yẹn lábẹ́ ìlànà 1895. Jeongeup ò dúró dè wọ́n, láti 2020 ló ti ń fún àwọn ìdílé tó wà nílùú rẹ̀ ní 100,000 won lóṣooṣù.

UNESCO ní tirẹ̀ gba ìwé 185 tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí wọlé sínú àkọsílẹ̀ ìrántí àgbáyé ní May 2023. Àwọn kan ní kí ìyẹn parí àríyànjiyàn. Kò parí ẹ.

Ṣé gbogbo ẹni tó bá àwọn àgbẹ̀ jà ni ọ̀dàlẹ̀?

Ìtàn Ahn Jung-geun ni wọ́n máa ń fi dáhùn èyí. Òun ló yìnbọn pa Ito Hirobumi, olórí ìjọba Jàpáànù tẹ́lẹ̀ rí, ní Harbin ní 1909, kò sí ọmọ Kòríà tí ò mọ̀ ọ́n. Ní 1894, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun àti bàbá rẹ̀ kó èèyàn jọ, àwọn ará Donghak ni wọ́n bá jà, níhà àríwá ní Hwanghae. Ní Hwanghae kan náà, ọmọ Donghak kan tí ò tíì pé ogún ọdún kó èèyàn lọ gbógun ti ìlú Haeju, Kim Gu lorúkọ rẹ̀, òun ló padà di olórí ìjọba tí àwọn ará Kòríà gbé kalẹ̀ nígbèkùn ní Ṣáínà. Nígbà tí ogun tú, tí Kim Gu ò ní ibi tó máa sá sí, bàbá Ahn Jung-geun ló gbà á sílé.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí i tí ọbàkan méjì yẹn ń lépa ara wọn kiri inú síríìsì, tẹ́ ẹ ní ó ti pọ̀ jù, irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀, kódà èyí tó ṣẹlẹ̀ tún ṣòroó gbàgbọ́ jù ú lọ.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa agbárí kan?

Ní 1995 wọ́n rí agbárí èèyàn nínú páálí kan ní Yunifásítì Hokkaido ní Jàpáànù. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé ti olórí Donghak kan ni, pé erékùṣù Jindo ni wọ́n ti gbé e ní 1906. Jindo wà ní ìkángun gúúsù Jeolla, ibi tí wọ́n lé àwọn tó kù dé nìyẹn. Wọ́n dá a padà sí Kòríà ní 1996. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò mọ ìdílé rẹ̀, Jindo ń bèèrè rẹ̀, Jeonju ní àwọn ló yẹ kó sin ín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú mùsíọ́mù fún ọdún mẹ́tàlélógún. June 1, 2019 ni wọ́n sin ín ní Jeonju, Sátidé ni, ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tí Nokdu Flower ń jáde lọ́sẹ̀.